Fáìlì Yín Nìkan Kọ́ Lẹ Ń Fi Ránṣẹ́

Nígbà ìsinmi gígùn ọdún tó kọjá, mo lo ọ̀sẹ̀ méje ní Èsìẹ́, ìlú ìyá mi, mo ń kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ọ̀rọ̀ 640 ni mo tò sínú kọ̀ǹpútà, mo sì gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ nígbà 31. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, wọ́n mú iná. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti gbó, kò dúró dè mí. Nígbà tí mo tan án padà, fáìlì náà kọ̀, kò ṣí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ iṣẹ́ àṣekágbá rí mọ bí àyà ṣe máa ń já nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Mo kọ ímeèlì sí ikọ̀ tó ń ran àwọn tó ń lo sọ́fítíwià náà lọ́wọ́. Wọ́n dá mi lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà: kí n fi fáìlì àkójọ détà mi ránṣẹ́ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo di gbogbo fódà iṣẹ́ mi sínú zip kan ṣoṣo, mo sì fi ránṣẹ́. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ni, mo kàn fẹ́ sùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, fáìlì mi padà dé, ara rẹ̀ ti yá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bàjẹ́, ìyẹn èyí tí mo ń tẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Mo jó, mo yọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó bi ara mi pé: fáìlì kan ni wọ́n béèrè, kí ló dé tí mo fi odidi fódà ránṣẹ́?

Ohun tó wà nínú fódà yẹn ju ọ̀rọ̀ 640 lọ. Orúkọ àwọn abẹ́nà ìmọ̀ mi mọ́kànlá wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, agboolé wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn. Ohùn wọn wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni fáìlì tí mo ń kọ àkíyèsí ojoojúmọ́ sí. Bàbá kan, àbúrò ìyá àgbà mi, ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tó jẹ mọ́ ààlà oko fún mi lọ́jọ́ kan, ló bá kan ìjà ilẹ̀ tó ti wáyé láàárín agboolé méjì. Ó ní kí n pa ẹ̀rọ. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ti ìwé o." Mo pa ẹ̀rọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo tẹ kókó ìtàn náà sínú àkíyèsí mi, kí n má baà gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà. Òun náà bá wọn lọ sókè òkun.

Mo padà lọ sí Èsìẹ́ láti lọ sọ fún Bàbá. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó bó ṣe rí. Bàbá kò bínú, ìbéèrè ló ń bi mí. "Àwọn wo nìyẹn? Ọmọ ta ni wọ́n?" Mo ní, "Mi ò mọ̀ wọ́n, Bàbá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá wa tún un ṣe." "Ṣé wọ́n gbọ́ Yorùbá?" Mo ní bóyá ni. Bàbá wò mí. "Bóyá ni wọ́n gbọ́, àbí o ò mọ̀?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Mo kọ̀wé sí ikọ̀ náà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Wọ́n dáhùn pé àwọn ti pa á rẹ́. Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Èrò mi nìyí: ìmúrasílẹ̀ fáìlì kí a tó fi ránṣẹ́ sí àwọn alátùn-únṣe jẹ́ apá kan iṣẹ́ pápá, gẹ́gẹ́ bí kíkí àwọn àgbà kí a tó tan ẹ̀rọ ṣe jẹ́ apá kan rẹ̀. A kọ́ wa bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, a kọ́ wa bí a ṣe ń kọ ìró sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ohun tó yẹ kó kúrò nílé àti ohun tó yẹ kó jókòó.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní mo ń ṣe àṣejù. Wọ́n ní ẹni tó lọ rí dókítà kì í fi àìsàn pamọ́, pé bí a bá ń yọ nǹkan kúrò nínú fáìlì, àwọn tó fẹ́ tún un ṣe lè má rí ohun tó ń ṣe é. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín ń dùn kì í bọ́ ṣòkòtò fún dókítà eyín. Ní Èsìẹ́ yìí kan náà ni mùsíọ́mù wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ ju 1,000 lọ. Ní àwọn ọdún 1960, Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ lórí àwọn ère náà, ìwé rẹ̀ lórí wọn sì jáde ní 1978. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè ṣí ìwé yẹn, kó wo fọ́tò ère kan, kó sì sọ èrò rẹ̀ lórí rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé òkúta kankan kúrò ní Èsìẹ́. Ohun tí ìbéèrè nílò ni kó lọ. Ìyókù, kó jókòó sílé.

Báwo la ṣe máa ṣe é? Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ojúlówó. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Bí fáìlì náà bá ṣì ń ṣí, tó jẹ́ pé ibì kan nínú rẹ̀ ló ń ṣe ségesège, ẹ pa ìdajì ọ̀rọ̀ inú ẹ̀dà náà rẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ségesège náà ṣì wà. Bó bá ṣì wà, ẹ tún pín ìyókù sí méjì. Bó bá ti lọ, ìdajì tí ẹ pa rẹ́ ló wà, ẹ gbé ìyẹn yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ 640 kò ní ju bí ìgbà mẹ́wàá lọ kó tó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn lẹ máa fi ránṣẹ́, inú àwọn tó ń tún un ṣe pàápàá á dùn, nítorí pé ẹ ti bá wọn ṣe ìdajì iṣẹ́. Bí fáìlì kò bá ṣí rárá bíi tèmi, ẹ fi fáìlì tí wọ́n béèrè yẹn nìkan ránṣẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló máa rí i àti ìgbà wo ni wọ́n máa pa á rẹ́.

Ìkejì, ẹ mọ ohun tó fara pamọ́ sínú fáìlì yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lo FieldWorks. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ níbẹ̀, ó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó àwòrán àti ohùn mọ́ ọn. Ẹ lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá kọ sí apá Notebook àti orúkọ tí ẹ bá tò sí People á bá fáìlì lọ, àfi tí ẹ bá yọ wọ́n kúrò nínú ẹ̀dà náà. Ní ti ELAN, fáìlì .eaf kì í gbé ohùn dání, ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá kọ orúkọ abẹ́nà ìmọ̀ sí Participant, orúkọ náà wà níbẹ̀. Ibi tí fáìlì ohùn yín wà lórí kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀, títí kan orúkọ fódà. Bí ẹ bá ti fi orúkọ Bàbá sọ fódà, ẹ ti fi orúkọ Bàbá ránṣẹ́ nìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti yẹ ká máa lo àmì bíi E01, E02, ká sì tọ́jú ìwé tó ń sọ ẹni tí E01 jẹ́ sí ibòmíràn.

Ìkẹta kan àwa onímọ̀ èdè gan-an. Àwọn kan máa ń ṣí àkójọ ọ̀rọ̀ wọn nínú Excel, wọ́n á fi pa mọ́ bíi CSV, kó lè fúyẹ́. Bí ẹ kò bá yan UTF-8, àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì ohùn lè di àmì ìbéèrè. Ọkọ́ tí a fi ń roko àti ọkọ̀ tí à ń wọ̀ á di ohun kan náà: lẹ́tà k láàárín àmì ìbéèrè. Ẹni tó fẹ́ tún fáìlì ṣe á rò pé ìyẹn gan-an ni àìsàn tí ẹ ń sọ. Ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ bó ṣe wà, kí ẹ sì ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí wọ́n lè rí bó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà. "Kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe lẹ́tà. Bí abẹ́nà ìmọ̀ bá sọ fún wa pé gbólóhùn kan kò dùn gbọ́, a ó béèrè gbólóhùn wo, níbo ni kò ti dùn, báwo ló ṣe yẹ kó rí. Ẹ ṣe bákan náà fún àwọn alátùn-únṣe: ẹ sọ ẹ̀yà sọ́fítíwià tí ẹ ń lò, irú kọ̀ǹpútà yín, ohun tí ẹ ń ṣe kó tó bàjẹ́, ohun tí ẹ retí àti ohun tí ẹ rí. Ẹ da ọ̀rọ̀ tó jáde lójú kọ̀ǹpútà kọ ní ẹyọ-ẹyọ. Ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù ti zip, kí ẹ sì fi pásíwọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe inú gbàgede WhatsApp kíláàsì la ti ń wá ẹni tó máa bá wa ṣí fáìlì abẹ́nà ìmọ̀.

Òfin náà kò sùn. Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Lójú òfin yìí, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni jẹ́ détà ẹni náà, fífi wọ́n ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn sì ní ìlànà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló ń dùn mí. Bàbá ṣì ń fún mi ní ọ̀rọ̀, àmọ́ kí n tó tan ẹ̀rọ báyìí, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé èyí náà ń lọ sókè òkun?" Bó bá ti béèrè, mo máa ń rí i pé ó ń yan ohun tó máa sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun méjì ni mo ń bẹ ẹ̀ka wa fún. Kí wọ́n fi wákàtí kan péré kún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ pápá, kí a fi ọwọ́ ara wa múra fáìlì sílẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n sì fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda tí abẹ́nà ìmọ̀ ń fọwọ́ sí: pé bí fáìlì bá bàjẹ́, ǹjẹ́ a lè fi ohùn yín tàbí orúkọ yín han àwọn alátùn-únṣe? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, Ìlọrin àti lẹ́yìn odi, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí fáìlì lẹ́yìn tó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ wá fi wákàtí kan yẹn kọ́ wa.