Ọ́ìlì inú epo ẹ̀rọ ìgégi: ẹ fi ìwọ̀n pò ó, ẹ má fi ojú pò ó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n á ní kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ̀rọ. Ẹ ní sùúrù, ẹ máa tó rí i.

Bàbá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìgégi alágbèéká kan, èyí tí wọ́n máa fi gé igi tó bá wó lóko wọn lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Láàárọ̀ Sátidé kan, ìyàwó ọmọ wọn gbé ọmọ ọdún mẹ́ta sáré wá bá mi. Ọmọ náà ti mu nǹkan nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ń wúkọ́, ẹnu rẹ̀ ń rùn bẹntiróòlù. Ìyá rẹ̀ gbé ife epo pupa dání, ó ní kí n bá òun di ọmọ mú kóun rọ ọ́ fún un. Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀, a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dá wa sílẹ̀. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é.

Nígbà tí Bàbá wá dúpẹ́, mo bi wọ́n pé kí ni epo ń wá nínú ìgò. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni mo ti ń pò ó. Bí epo bá ti fẹ́ kún ìgò, n óò wá máa da ọ́ìlì lé e títí àwọ̀ rẹ̀ á fi wù mí." Ẹ gbọ́ o, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi wù wọ́n! Ọ̀pọ̀ irú ọ́ìlì yìí ni àwọn tó ṣe é ti fi aró pupa, búlúù tàbí àwọ̀ ewé sí, kí èèyàn lè mọ epo tí wọ́n ti pò yàtọ̀ sí epo lásán. Lójú ọmọdé, mínírà ni.

N kì í ṣe mẹkáníìkì, nítorí náà mo lọ bá àbúrò mi tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ní ẹ̀ńjìnnì mọ́tò ní ibi tí ọ́ìlì tirẹ̀ ń gbé, ti ẹ̀rọ ìgégi kò ní. Inú epo ni ọ́ìlì ń bá wọlé, ibẹ̀ náà ló ń jó sí. Bí ọ́ìlì bá kéré, irin á máa ha irin títí ẹ̀ńjìnnì á fi há pátápátá. Bó bá pọ̀ jù, kò ní jó tán, èéfín ni yóò máa rú, imú ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà sáyà ni èéfín ọ̀hún sì ń gbà wọlé. Àgbàlagbà tó ní ikọ́ fée tẹ́lẹ̀ á mọ ohun tí mò ń wí.

Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgégi òde òní, 50:1 ni ẹ máa bá. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n epo 50 sí ìwọ̀n ọ́ìlì kan. Fún kẹ́ẹ̀gì epo líta 5, ọ́ìlì mílílítà 100 ni. Bó bá jẹ́ 40:1 ni wọ́n kọ, 125 ni. Bó bá jẹ́ 25:1, ó di 200. Àwọn ìwé ẹ̀rọ Husqvarna kan tilẹ̀ ní 50:1 bí èèyàn bá lo ọ́ìlì tiwọn, ṣùgbọ́n 33:1 bó bá lo ti ẹlòmíràn. Ẹ rí i pé àwọ̀ kò lè sọ ìyẹn fúnni.

Èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀ rèé: sírínjì mílílítà 20 wà ní ilé ìtajà oògùn. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ sí i. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀márùn-ún, 100 pé géérégé. Ẹ fi ọ̀dà kun ún lára, kó má baà ṣèèṣì padà sáàárín èyí tí ẹ fi ń fún ọmọ lóògùn.

Ọ́ìlì mọ́tò kò ṣe é lò fún un o. Bákan náà, ní Ẹ̀bútẹ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ níbi tí ọkọ̀ ojú omi wà, wọ́n lè ta ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára fún yín. Òun náà wà fún pípò mọ́ epo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ńjìnnì tí omi ń tù ni wọ́n ṣe é fún. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ti ẹ̀rọ ìgégi, ó sì ń gbóná gan-an. JASO FD ni kí ẹ wá lára agolo. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti lò nínú mọ́tò, tí àwọn kan ń dà sí ṣéènì, ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Ó máa ń ta sí ọwọ́ àti ojú ẹni tó ń gégi, àwọn èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ sì wà nínú rẹ̀.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa pò ó, níbi tí kò sí iná, tí ẹnikẹ́ni kò ti mu sìgá. Ẹ má fi ẹnu fa epo. Ẹ má pò ju èyí tí ẹ máa lò tán láàárín oṣù kan lọ, nítorí ó máa ń bàjẹ́. Mo mọ̀ pé láti 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, ó ń dun èèyàn láti da ẹ̀kán kan nù. Ẹ kúkú po díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ife epo pupa yẹn, torí ilé tó ń ṣe é pọ̀. Bẹntiróòlù tó wà nínú ikùn kọ́ ló sábà ń pa ọmọ, èyí tó bá yà sínú ẹ̀dọ̀fóró ni. Bí ẹ bá rọ ọmọ lépo pupa tàbí mílíìkì, tí ẹ tiẹ̀ ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ó máa bì. Bó bá sì ti ń bì, epo náà á tún gba ọ̀fun kọjá, á rí àyè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo ta sí kúrò, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò tó mu. Kódà bó bá ń ṣeré, ẹ gbé e lọ, nítorí ó lè tó wákàtí mélòó kan kí mímí rẹ̀ tó yí padà. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí tó ń tòògbé, ẹ má dúró wá owó. L'Ékòó níbí, ẹ pe 767 tàbí 112.

Mo yà sọ́dọ̀ Bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kẹ́ẹ̀gì pupa líta 5 ló wà lórí àjà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kọ "50:1" àti ọjọ́ tí wọ́n pò ó sí i lára, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ní àgádágodo. Wọ́n ní Màmá ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn fúnra àwọn gan-an sì gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀.