Òwú Aláwọ̀ Mẹ́fà

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra. Bí a ti ń pa òwe yìí fún ẹyẹ, kí ló dé tí ó fi ń wúwo lẹ́nu wa láti pa á fún ọmọ tiwa?

Àbúrò mi kan tó ń gbé Kùtọnù wá bá wa jẹ iṣu tuntun ní Manigri, ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín. Ó so òwú aláwọ̀ mẹ́fà mọ́ ọrùn ọwọ́. Bí ìyá wa bá ti wọlé, á fa apá ẹ̀wù bò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i kí n tó mọ̀ pé àsíá ló ń fi pamọ́: àsíá ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin.

Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, ni oníṣẹ́ ọnà Gilbert Baker àti nǹkan bí 30 ènìyàn ti rẹ aṣọ funfun sínú aró olóríṣiríṣi, wọ́n rán an pọ̀ di àsíá yìí, wọ́n sì fà á sókè ní ọjọ́ 25 oṣù Òkúdù, 1978. Àwọ̀ mẹ́jọ ló ní nígbà náà. Aṣọ píǹkì ṣọ̀wọ́n lọ́jà, wọ́n yọ ọ́. Wọ́n tún yọ ọ̀kan, ó ku mẹ́fà. Kó tó dé, àmì tí wọ́n mọ̀ ni aṣọ píǹkì onígun mẹ́ta tí ìjọba Hitler rán mọ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin láyà ní àgọ́ ìfìyàjẹni. Aṣọ ni wọ́n fi dá wọn lẹ́bi, aṣọ náà ni wọ́n fi dá ara wọn láre.

Wọ́n ní aṣọ àjèjì ni. Mo gbà. Àsíá Dàhòmì, ìyẹn Bẹ̀nẹ̀ ti òní, ti 1959 ńkọ́, tí Ààrẹ Kérékou pààrọ̀ ní 1975, tí a tún dá padà ní 1990? Èwo ni wọ́n hun ní Manigri nínú wọn? Aṣọ lè ti òkèèrè wá. Ẹni tó so ó mọ́wọ́, ìyá wa ló bí i. Òṣùmàrè tí àsíá náà fara wé pàápàá kì í ṣe àlejò. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní Dan Ayido Hwedo, wọ́n ní takọ-tabo ni.

Ẹlòmíì á ní òfin Bẹ̀nẹ̀ kò kúkú ní kí wọ́n sọ àbúrò mi sẹ́wọ̀n. Òótọ́ ni. Ẹ wá sọdá sí Kambolé ní Tógò, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè wa gan-an: ẹ̀wọ̀n ọdún 1 sí 3 ló wà nínú ìwé òfin tiwọn. Ní Nàìjíríà, láti 2014, ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ àwọn ẹni bí àbúrò mi lásán lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura. Àbúrò mi mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, kò sí ọlọ́pàá kankan. Nítorí ẹnu wa ló ṣe ń bo ọwọ́.

Lọ́jọ́ tó ń padà, ìyá di iṣu mẹ́rin fún un. Apá ẹ̀wù ká sókè. Ìyá di ọwọ́ náà mú, ó fi àtàǹpàkò ra òwú ọ̀hún wò, ó ní: "Ta ló bá ọ rẹ eléyìí? Ó mà mú dáadáa o."