Alájẹṣẹ́kù ni wá: ẹ jẹ́ kí á dá sí ọ̀rọ̀ ẹja àkurákudà

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ẹja àkurákudà ni, ẹja ńlá inú òkun tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Akọ̀wé, Igbaruku jìnnà sí òkun. Kí ló kàn wá nínú ẹja tí a kò fojú rí?" Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo orúkọ tí a ń jẹ́. Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ni wá. Ẹni tí ó ń jẹ, tí ó sì ń ṣẹ́ díẹ̀ kù de ọ̀la, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Bí àwọn kan bá ń jẹ níbì kan láìṣẹ́ kù, tí ohun tí wọ́n ń jẹ náà sì jẹ́ ti gbogbo ayé, ó yẹ kí alájẹṣẹ́kù lè la ẹnu sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, púpọ̀ nínú ẹja tí à ń rà ní Kàbà, ní Lọ́kọ́ja, ní Ìlọrin àti ní Èkó wá tà níhìn-ín, inú òkun ló ti wá. Ohun tó bá ṣe òkun, yóò dé orí àtẹ wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ ṣe àlàyé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú owó yàtọ̀ sí èlé. Ẹgbẹ́ tó bá ń pín èlé á pẹ́ láyé. Ẹgbẹ́ tó bá ń pín ojú owó, kò ní í pẹ́ tí a ó fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja rí. Epìyà inú odò wa kì í pẹ́ dàgbà. Láàárín oṣù mélòó kan ó ti ń yé ẹyin. Àrọ̀ kan ṣoṣo lè yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí a bá pa díẹ̀ nínú wọn, àyè rẹ̀ a tún kún. Àkurákudà kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń lóyún bí ẹranko orí ilẹ̀, ọmọ láàyè ni wọ́n sì ń bí. Èyí tí orí rẹ̀ rí bí òòlù alágbẹ̀dẹ lè pé ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, oyún rẹ̀ sì ń gbà tó oṣù 10 tàbí 11. Irú kékeré kan wà nínú wọn tí oyún rẹ̀ ń pẹ́ tó ọdún 2. Ewúrẹ́ ilé wa, oṣù 5 péré ló fi ń gbé oyún. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pa àkurákudà bí ẹni ń pa epìyà, ojú owó ló ń jẹ.

Wọ́n sì ti jẹ ẹ́ púpọ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé Nature. Wọ́n ní láti 1970 ni àwọn àkurákudà inú agbami, pẹ̀lú àwọn ìbátan wọn tí ara wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ti dín kù ní ìdá 71 nínú 100. Ẹ wò ó báyìí: ká ní ènìyàn 100 ló wá sí ìpàdé wa ní 1970, 29 ló kù lórí àga. Wọ́n ní pípa ní àpajù ló fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ná ọjà dé Kùtọnú tàbí Lomé, ẹ wo ara owó séfà dáadáa. Àwòrán ẹja kan wà níbẹ̀ tí imú rẹ̀ gùn jáde, tí eyín sì tò sí i lọ́tùn-ún lósì bí ayùn gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìbátan àkurákudà ni ẹja náà. Láti ara òṣùwọ̀n tí àwọn Akan fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́ ni wọ́n ti mú àwòrán rẹ̀. Nígbà kan rí, ó wà káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn apẹja kò rí i mọ́ rárá. Ó wà lára owó, kò sí nínú omi. Àwọn àgbà ní àjẹìwẹ̀yìn ló pa igún lórí.

Ta ló wá ń rà á? Ní àwọn ọdún 1970, àwọn apẹja kan láti Gánà tẹ̀dó sí etíkun Gáḿbíà. Wọ́n ń fi iyọ̀ sí ẹran àkurákudà, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń kó o lọ tà nílé. Nígbà tó yá ni àwọn oníṣòwò lẹbẹ dé. Lẹbẹ ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ olówó iyebíye ní Ṣáínà àti Hong Kong, níbi ìgbéyàwó àti àsè àwọn ọlọ́lá. Nítorí pé lẹbẹ lówó lórí ju ẹran lọ, àwọn ọkọ̀ ńlá kan a gé lẹbẹ nìkan, wọn a ju ìyókù ẹja náà padà sínú omi, nígbà mìíràn láàyè. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ mi yé: ta ni nínú wa tó máa pa màlúù nítorí ìrù?

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ará ìlú gan-an ló dìde sí i. Ní 2006, Yao Ming, ọmọ Ṣáínà tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú eré báskẹ́ẹ̀tì, jáde ní gbangba pé òun kò ní í jẹ ọbẹ̀ lẹbẹ mọ́. Ní 2012, ìjọba Ṣáínà kéde pé àwọn á mú un kúrò níbi àsè ìjọba. Ní Yúróòpù, ó ju 1,100,000 ènìyàn tó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dá òwò lẹbẹ dúró, ìwé náà sì dé iwájú ìjọba àpapọ̀ wọn ní 2023. Amẹ́ríkà fòfin de títa lẹbẹ ní ìparí 2022. Ní 2023, Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ tó de kíkó lẹbẹ tí a ti gé wọlé tàbí jáde. Púpọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìwé yẹn kì í ṣe apẹja, púpọ̀ nínú wọn kò sì gbé létí òkun, bí àwa náà kò ṣe gbé létí òkun.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́ fún ara wa, òfin lẹbẹ nìkan kò tó. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 fi hàn pé láàárín 2012 sí 2019, nígbà tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i káàkiri, iye àkurákudà tí wọ́n ń pa lọ́dún lọ sókè láti mílíọ̀nù 76 sí mílíọ̀nù 80. Báwo ni? Wọ́n ní kí apẹja má gé lẹbẹ kó sì ju ara nù. Ó bá kúkú ń kó odindi ẹja wá sílé, ó wá ọjà fún ẹran náà. Òfin tí kò ka iye, ó dà bí ẹgbẹ́ tó ní kí olùyáwó kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa sínú ìwé, ṣùgbọ́n tí kò sọ iye tó lè yá. Èmi fara mọ́ òfin tó máa sọ iye tí a lè pa, tó sì máa sọ irú tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Nàìjíríà wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ṣọ̀wọ́n láti 1974. Ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Bangkok ní 2013, wọ́n fi àwọn àkurákudà olórí-òòlù sínú àkọsílẹ̀ àdéhùn náà. Ní Panama ní 2022, wọ́n fi ìdílé ńlá kan kún un, èyí tí púpọ̀ nínú òwò lẹbẹ dá lé. Àdéhùn náà kò ní kí ẹnikẹ́ni má tà á rárá. Ó ní kí ìlú tó ń tà á sókè òkun fi ìwé hàn pé títà náà kò ní í pa ìran ẹja náà run. Bí onídùúró ni ìwé náà rí, kò sì sí ẹgbẹ́ gidi tó ń yáni lówó láìsí onídùúró.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n á ní, "Apẹja tí ebi ń pa ń kọ́? Ṣé kí ọmọ rẹ̀ sùn lébi nítorí ẹja?" Rárá o. Bí òfin bá fẹ́ jẹ́ kìkì ẹrù orí tálákà, èmi kò sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é ní etíkun Mauritania, níbi ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní Banc d'Arguin. Àwọn apẹja tí wọ́n ń jẹ́ Imraguen ló ń gbé ibẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n ń lò, a kò gba ẹ̀rọ láàyè. Nígbà tí òwò lẹbẹ gba ojú wọn, wọ́n kó àwọ̀n àkurákudà wọlé, ẹja náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán.  Wọ́n bá wọn jókòó, wọ́n bá wọn sọ ọ́ fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì fi owó ra àwọ̀n náà lọ́wọ́ wọn. Ní 2003, wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti dá pípa àkurákudà dúró níbẹ̀. Ìmọ̀ràn àti owó ló ṣe é.

Nílé wa níhìn-ín náà, tálákà kọ́ ló ń ba òkun jẹ́ jù. Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹja òkun wa, àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun kò gbọdọ̀ wọ inú máìlì òkun 5 sí etíkun. Àyè àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré nìyẹn, àwọn bíi Ìlàjẹ. Bí ọkọ̀ ńlá bá wọ ibẹ̀, ó ń gbá àgbà ẹja àti ọmọ ẹja pọ̀, ó sì ń fa àwọ̀n onílé ya. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo àkurákudà, kí ó kọ́kọ́ mú òfin yìí ṣẹ. Apẹja kékeré á jèrè pẹ̀lú.

Àwọn mìíràn á ní, "Ẹja tó ń jẹ ènìyàn, kí ló dé tí a ó máa gbèjà rẹ̀?" Ní ìpíndọ́gba, iye ènìyàn tí àkurákudà ń pa lágbàáyé jẹ́ bí i 6 lọ́dún. Ejò nìkan ń pa jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Hausa. Fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Jaws, tó jáde ní 1975, ló dá ẹ̀rù yìí sílẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Peter Benchley, tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbèyìn ayé rẹ̀ jà fún ìdáàbòbò ẹja náà.

Kí ni mo wá fẹ́ kí á ṣe? Nǹkan mẹ́ta ni.

Èkíní, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ẹja, bí ẹ bá dé ọjà ńlá, ẹ máa béèrè irú ẹja tó jẹ́ kí ẹ tó ra ẹja yíyan ńlá tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ tí kò ní orí. Bí ó bá jẹ́ àkurákudà, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera náà wà níbẹ̀. Ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja mìíràn máa ń kó oró kan tí wọ́n ń pè ní mákúrì jọ sára. Ní ìlú Òyìnbó, àwọn oníṣègùn ń kìlọ̀ fún aláboyún kí ó má jẹ àkurákudà rárá. Ṣáwá àti agbọ̀dọ̀ kò ní irú wàhálà yẹn.

Èkejì, kí ìpàdé gbogbogbòò wa pinnu pé ẹgbẹ́ yìí kò ní í yá ẹnikẹ́ni lówó láti fi ṣe òwò lẹbẹ tàbí ẹran àkurákudà. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń ṣe é nínú wa lónìí. Igi gógóró má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí á sì kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2023 fún ọ̀rọ̀ òkun, pé a fẹ́ kí wọ́n ka iye ẹja yìí, kí wọ́n dá ọkọ̀ ńlá lẹ́kun ní etíkun, kí wọ́n sì ran apẹja kékeré lọ́wọ́ kí wọ́n tó gba àwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló súnmọ́ ilé jù. Ẹnu wa kò ní í gba ọ̀rọ̀ òkun bí àwa náà bá ń da Gamalin sínú odò, tí à ń fi àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja nínú odò Kampe àti nínú omi tí ìjọba sé ní agbègbè Ejiba. Òfin de májèlé nínú odò láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ wá sí ọjà wa, kí á má ra á, ì báà ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Mo ti fi àbá kejì sínú ètò ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kí ó wá dìbò. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá sọ ìdí rẹ̀ fún wa, a ó gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sílé.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.