Ọyẹ́ Ti Dé: Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Rọ́bà Gáàsì Wa Wò

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti oyè. Ọ̀rọ̀ iná ìdáná ni. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn, ṣùgbọ́n bí ilé bá jó, kì í jó obìnrin nìkan.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní irú àsìkò ọyẹ́ báyìí, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wa jí ní ìdájí láti dín àkàrà fún àwọn ọmọ tó ń lọ sí iléèwé. Fèrèsé ilé ìdáná wà ní títì nítorí òtútù. Bó ṣe ṣáná báyìí, iná bù ú lọ́wọ́ àti lójú. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ nílé ìwòsàn, àpá náà sì wà lára rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a rí i pé eku ti jẹ rọ́bà tó so sílíńdà mọ́ sítóòfù. Rọ́bà náà ti gbó, ó ti sán, kò sì sí ẹni tó rántí ọdún tí wọ́n rà á. Owó rọ́bà tuntun kò tó owó adìyẹ kan ní ọjà Utako, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa fi dá owó ilé ìwòsàn.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àwọn kan ní iṣẹ́ àwọn ayé ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ayé kò sí, ṣùgbọ́n eku ni àwa fi ojú rí.

Ẹ má ṣe rò pé a ní kí ẹ sá fún gáàsì. Gáàsì dára. Kò rú èéfín bí igi, kò sì rùn bí kẹrosíìnì. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ nígbà ayé Ààrẹ Buhari kéde pé ọdún mẹ́wàá gáàsì ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní kí ará ìlú máa fi gáàsì dáná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹṣin gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń gùn ún. Ọ̀pọ̀ wa ra sílíńdà, a so ó mọ́ sítóòfù, ó parí. Fóònù wa bá ṣe bákan, kíá, a ti gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Rọ́bà gáàsì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tí yóò bojú wò ó.

Ohun tó wà nínú sílíńdà, omi ni nígbà tó wà nínú rẹ̀. Bó bá ti jáde ló ń di afẹ́fẹ́, á sì fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Afẹ́fẹ́ náà wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà kì í lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, á sá pamọ́ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti sínú gọ́tà. Bí ó bá tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ yàrá, ìṣáná kan péré ti tó. Òun fúnra rẹ̀ kò ní òórùn tí a lè fi mọ̀ ọ́n. Òórùn búburú tí a ń gbọ́ yẹn, wọ́n fi sí i ni kí a lè tètè mọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, tó sì ní òun yóò kọ́kọ́ se ọbẹ̀ òun tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún un.

A ti rí ohun tí gáàsì lè ṣe. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2018, ilé epo gáàsì kan bú gbàù ní Lafia, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa tó bá wa pààlà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹta 2020, ti Abúlé Àdó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. NNPC ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọ lu àwọn sílíńdà tí wọ́n tò sí ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀pá epo. Ẹ̀mí tó lé ní 15 ló bá a lọ, títí kan Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá iléèwé Bethlehem Girls' College, tó kú níbi tó ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde. Àwọn wọ̀nyí la gbọ́ nínú ìròyìn. Ti ilé ìdáná kọ̀ọ̀kan kì í dé inú ìwé ìròyìn, àwa tó ń gbé àdúgbò la mọ̀ ọ́n.

Kí ni kí a wá ṣe? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ da ọṣẹ pọ̀ mọ́ omi kí ó hó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí kànǹkàn kùn ún sí orí sílíńdà, sí ara rọ́bà àti ibi tí kílíìpù ti dì í mú, kí ẹ sì ṣí sílíńdà láì ṣáná. Bí ọṣẹ bá ń ru fùkẹ̀fùkẹ̀ níbì kan, gáàsì ń jò níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ìṣáná dán an wò láé. A ti rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tó bá ti le, tó sán, tàbí tí eku ti fẹnu kàn, ẹ jù ú nù, kódà bí kò bá ní àmì, ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́ ju ọdún méjì lọ. Kílíìpù irin ni kí ẹ fi dì í, kì í ṣe okùn, kì í ṣe ọ̀rá.

Ẹ wo ara sílíńdà, wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe é àti ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ sí i lára. Èyí tó bá ti dípẹtà tàbí tó ti tẹ̀, ẹ má ṣe gbé e lọ rọ gáàsì mọ́. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ onígáàsì, ẹ má ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi èènì lé e. Èènì dára lórí gàrí àti ẹ̀wà, kò dára lórí gáàsì. Sílíńdà 12.5 kílò, 12.5 kílò náà ni kó gbà, nítorí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè sílẹ̀ lókè kí omi gáàsì lè rí ibi fẹ̀ sí bí ooru bá mú. Bí gáàsì bá sì fẹ́ tán, ẹ má ṣe dá sílíńdà dùbúlẹ̀, ẹ má sì gbé e sínú omi gbígbóná. Òòró ni kó wà nígbà gbogbo.

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á, nítorí ìtanná kékeré wà nínú súìṣì. Ẹ ti sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ìta ni kí ẹ ti pe 112.

Ó tún ku ọ̀kan tí àwa gan-an kò tètè mọ̀. Iná gáàsì tó dára, àwọ̀ búlúù ló máa ń ní. Bó bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń sọ ìdí ìkòkò di dúdú, ojú ihò rẹ̀ ti dí ni, ó sì yẹ kí a tú u, kí a fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa. Irú iná bẹ́ẹ̀ lè máa tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á kọ́ni, a ó rò pé ibà ni, oorun á sì gbéni lọ. Àdògán eléèédú tí àwọn kan máa ń gbé wọ yàrá lásìkò ọyẹ́ nítorí òtútù, afẹ́fẹ́ yìí náà ló ń tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi aṣọ òtútù sùn. Ẹ má fi èédú sùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù ti ju ti wa lọ fíìfíì, ẹ̀rọ gáàsì ló ń mú ọ̀pọ̀ ilé gbóná. Òfin wọn láti 1998 ni pé kí onílé tó fi ilé háyà mú ẹni tó níwèé àṣẹ wá yẹ ẹ̀rọ gáàsì rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí ó sì fún ayálégbé ní ìwé àyẹ̀wò náà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń gba ìwé yìí, wọn kò sì bínú. Kí ló dé tí àwa kò lè ṣe tiwa ní Jabi?

Ìmọ̀ràn tí a mú wá nìyí. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún, kí ọyẹ́ tó gbóná, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ iṣẹ́ náà bá Ìyálóde wa lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò bá lágbára láti ra rọ́bà àti kílíìpù, kí ẹgbẹ́ rà á fún un. Níbo ni owó yóò ti wá? Lára owó àjọ̀dún ìparí ọdún ni. Bí a bá dín màlúù kan kù, tí a sì ra aṣọ ẹbí tó rọjú, ọ̀pọ̀ ilé ni yóò rí rọ́bà tuntun.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ, pé àwọn àgbà fẹ́ máa wọ ilé ìdáná onílé. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ògiri kan náà ló pín wa. Iná kì í béèrè ẹni tó ni yàrá kó tó wọlé.

Ẹ̀yin onílé, a bẹ̀ yín pẹ̀lú. Ẹ gbà kí àwọn ayálégbé gbé sílíńdà sí ìta, kí wọ́n lu ihò kékeré tí rọ́bà yóò gbà kọjá. Ẹ ní olè yóò gbé e. Òótọ́ ni, olè wà. Ṣùgbọ́n àgò onírin tó ní kọ́kọ́rọ́, tí afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, rọrùn ju kíkọ́ ilé mìíràn lọ. Wọ́n máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba ló nìyẹn. Ilé àwa àlejò tó bá jó, ibùsùn ló gbà lọ́wọ́ wa.

Ìyá tí iná bù yẹn ti ní òun yóò tẹ̀ lé àwọn tó máa yẹ rọ́bà wò. Bí ó bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó dúró síta. Ire o.