Ilé Titun ní Àsìkò Ọ̀wọ́n: Kí Mùsùlùmí Ṣọ́ Ẹsẹ̀ Gbé

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìgbẹ̀yìn.

Ilé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun ṣe fún ọmọ ènìyàn. Nínú Sūratun-Nahl, āyah 80, Ó rán ẹ̀dá létí pé Òun ni Ó ṣe ilé ní ibi ìfọ̀kànbalẹ̀ fún un. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun náà ka ilé tí ó gbòòrò mọ́ ohun tí ń mú ayé ẹni dùn, pẹ̀lú ìyàwó rere, aládùúgbò rere àti ohun ìgùn tí ó rọrùn. Nítorí náà, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó ń lépa ilé tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọ̀nà tí yóò gbà dé inú ilé náà, pàápàá ní àsìkò tí ọjà ilé kò dúró sójú kan.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí náírà máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 470 náírà nígbà náà ti kọjá 1,500 náírà kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Gbogbo ohun èlò ilé tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ló gbówó lórí. Sìmẹ́ńtì pàápàá, tí wọ́n ń ṣe nílé, kọjá 10,000 náírà fún àpò kan ní ibi púpọ̀. Àwọn tí ń kọ́ ilé tà, tí wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ní iye ti ọdún 2022, wá rí i pé owó náà kò lè gbé ilé dé òrùlé mọ́. Àwọn kan dá iṣẹ́ dúró, àwọn kan padà wá béèrè àfikún, àwọn mìíràn sì dín irin àti sìmẹ́ńtì kù kí ilé lè parí. Olùrà ni ìyà náà já lé lórí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé kan lọ́wọ́ ju rìsíìtì lọ.

Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìpolówó máa ń pọ̀ jù. Láti Mowé dé Ọ̀fàdà, láti Ìkòròdú dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ohùn kan ń pariwo pé kí ènìyàn tètè san owó kí ilé tó gbówó lórí sí i. Ohùn kejì ń sọ pé kí ó dúró, owó ilé yóò wálẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí ó mọ ọ̀la. Sūratu Luqmān, āyah 34, ti fi yé onígbàgbọ́ pé kò sí ẹ̀mí kan tí ó mọ ohun tí yóò rí gbà lọ́la. Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ gbé ìpinnu rẹ̀ lé ìméfò ọjà. Ohun mẹ́ta ni kí ó gbé e lé: ibi tí owó náà ti wá, irú àdéhùn tí ó fẹ́ ṣe, àti òtítọ́ ohun tí ó fẹ́ rà.

Èkínní ni ibi tí owó ti wá. Ìdá 11.5 nínú 100 ni Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n èlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ó ti di 27.5 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ẹni tí ó bá yá mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní èlé 27 nínú 100 ní ọdún kan, mílíọ̀nù méjì àti ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà 700 ni èlé nìkan lórí odidi gbèsè náà láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n bí èlé tilẹ̀ kéré, èèwọ̀ ni. Láti āyah 275 dé 279 nínú Sūratul-Baqarah, Ọlọ́hun ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ríbà, Ó sì kéde ogun lé ẹni tí ó kọ̀ láti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀ranyàn ni. Wọ́n a sì tọ́ka sí ìdájọ́ tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan ní Yúróòpù gbé jáde ní ọdún 1999, tí ó fàyè gba ẹ̀yáwó ilé lábẹ́ àwọn májẹ̀mu kan fún Mùsùlùmí tí ń gbé ní ilẹ̀ tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò fara mọ́ ìdájọ́ yẹn, àwọn tí ó sì gbé e jáde kò sọ ọ́ fún ilẹ̀ Yorùbá. Ní Nàìjíríà, Jaiz Bank ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2012, TAJBank dé ní 2019, Lotus Bank sì tẹ̀ lé e ní 2021. Irú báńkì bẹ́ẹ̀ lè ra ilé kí ó sì tà á fún oníbàárà ní èrè tí àwọn méjèèjì mọ̀, kí oníbàárà máa san án díẹ̀díẹ̀. Tàbí kí àwọn méjèèjì jọ ní ilé náà, kí oníbàárà máa ra ìpín báńkì títí ilé yóò fi di tirẹ̀. Owó rẹ̀ lè má wọ́n níye, nítorí náà kí olùrà ṣírò kí ó tó fọwọ́ síwèé. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká èyí, kí ó rántí pé ilé tí ènìyàn háyà náà ní òrùlé. Ẹni tí ó ń gbé inú ilé àháyà kò tíì dé ipò ẹni tí ebi fẹ́ pa kú tí a yọ̀ǹda òkú ẹran fún.

Èkejì ni àdéhùn. Hakīm ọmọ Hizām gbà á wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ fún un láti ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo wá ni ti ilé tí a kò tíì kọ́, tí wọ́n ń tà lórí àwòrán? Àwọn onímọ̀ rí ọ̀nà sí i nínú àdéhùn istisnā', èyíinì ni kí ènìyàn gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ kí ó ṣe ohun tí wọ́n ti júwe. Ìgbìmọ̀ Fiqh ti àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, tí ó jókòó ní Jeddah ní ọdún 1992, là á sílẹ̀ pé àdéhùn yìí de ẹni méjèèjì, bí wọ́n bá ti sọ irú iṣẹ́ náà, ìwọ̀n rẹ̀, bí yóò ṣe rí àti ọjọ́ tí yóò parí. Wọ́n gbà pé a lè san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì lè fi owó ìtanràn sí i bí oníṣẹ́ bá fi iṣẹ́ falẹ̀. Àdéhùn tí kò sọ iye yàrá, irú òrùlé àti ọjọ́ ìparí, òwò inú òkùnkùn ni. Ó dára kí owó máa tẹ̀ lé iṣẹ́: apá kan nígbà ìpìlẹ̀, apá kan ní òrùlé, ìyókù ní ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni òtítọ́ ohun tí wọ́n ń tà. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àkóso gómìnà, nítorí náà rìsíìtì ìdílé nìkan kò tó. Kí olùrà mú ìwé sọ́fè lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó o, kí ó mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà wà lára èyí tí ìjọba ti gbà. Kí ó béèrè C of O tàbí ìfọwọ́sí gómìnà, àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Kí ó ní lọ́yà tirẹ̀, kì í ṣe lọ́yà ẹni tí ń tà. Kí ó mú onímọ̀ iṣẹ́ ilé dání lọ wo òpó àti ògiri, kí ó sì padà lọ nígbà òjò. Ilé gíga tí ó wó ní Ìkòyí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ti kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ń tà ju ẹni tí ń rà lọ. Ó ń dunni pé inú mọ́sálásí ni àwọn kan ti ń wá oníbàárà, tí wọ́n ń fi irùngbọ̀n àti orúkọ Alhaji ṣe ẹ̀rí dípò ìwé. Nígbà tí Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì ọkà tí ó sì bá omi nísàlẹ̀, ó bi ọlọ́jà léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń tanni jẹ kò sí lára òun. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọkà yẹn àti ògiri tí ó sán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn? Hádíìsì mìíràn sì sọ pé ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ìwọ̀n ìka ilẹ̀ kan, ilẹ̀ méje ni wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé “arákùnrin wa nínú ẹ̀sìn ni” kí ó má kọ àdéhùn sílẹ̀. Āyah tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, Baqarah 282, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Àwọn onígbàgbọ́ gan-an ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ wà fún àwọn olórí ẹ̀ka náà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò ní èlé sílẹ̀, kí ó sì yan lọ́yà, sọ̀fẹ́yọ̀ àti onímọ̀ iṣẹ́ ilé láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti yẹ ilé wò kí ọ̀dọ́ kan tó san owó. Kí àwọn tí ń fi owó ilé pamọ́ má sì gbàgbé pé bí ó bá pé nísáàbù tí ọdún yí po lé e lórí, sàká ń bẹ nínú rẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé tí ó pẹ́ kí ó tó dé, tí ó mọ́ kúrò nínú ríbà àti ẹ̀tàn, ni a lè gbé adúrà àti ọmọ títọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú àlùbáríkà. Kí Ọlọ́hun pèsè irú rẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí, kí Ó sì fi ilé tí kì í wó, ilé Àlùjánnà, ṣe ìkẹyìn wọn. Āmīn.