Ẹ Má Kàn Jókòó Kẹ́ Ẹ Máa Retí Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ọmọ

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkàwé kan ti ní kí òbí fọkàn balẹ̀ bí ọmọ bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ire ni wọ́n ń rò, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn.

Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún mi ní Ìjagun níbí, nígbà tí ọmọkùnrin mi pé ọdún 2 tí kò tíì pe "màmá". Mo fi ọdún kan gbáko dúró. Ìgbà tí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò la tó mọ̀ pé kò gbọ́ràn dáadáa. Ọdún yẹn ṣì ń dùn mí.

Ọmọ ọdún 1 yẹ kó máa nàka sí ohun tó fẹ́, kó sì yíjú bí a bá pè é. Ọmọ ọdún 2 yẹ kó lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí "omi tán". Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ bá dáwọ́ dúró, ẹ tètè gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí. Ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn UCH sì wà n'Ìbàdàn.

Ẹ má torí pé ọmọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ pa Yorùbá tì nílé, kẹ́ ẹ wá máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan o. Gbígbọ́ èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu.

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Èmi ni,
Ìyá ọlọ́mọ kan,
Ìjagun, Ìjẹ̀bú-Òde.