Ta Ni Wọ́n Dá Ní Paris?

Lẹ́yìn Ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Paris ní ọdún 2024, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ní ọjà, ní ibùdó ọkọ̀ Ìgòlò, àní nínú ìpàdé ẹgbẹ́ yìí pàápàá: pé Benin tún lọ, Benin sì tún padà lọ́wọ́ òfìfo. Valentin Houinato ló lọ ja júdò fún wa níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Celtus Dossou Yovo ti ṣe ní Tokyo ní ọdún 2021. Lóòótọ́, kò sí èyí tó mú àmì-ẹ̀yẹ bọ̀ nínú wọn, Benin kò sì tíì gba ẹyọ kan rí ní Òlíḿpíìkì, nínú eré ìdárayá kankan. A kò jiyàn èyí. Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e ni a kò fara mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ka èsì náà bí ó ti yẹ kí a kà á. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìjà júdò kan. Bí wọ́n bá gbé ènìyàn sánlẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa, ìjà ti parí, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni wọ́n ti lò. Ní Òlíḿpíìkì, ẹni tó bá fìdí rẹmi kí ó tó dé àárín àwọn mẹ́jọ tó kù kò ní àǹfààní kejì. Ilé ló ń lọ. Wọ́n a sì ya àwọn ògbóǹtarìgì mẹ́jọ sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà tètè pàdé ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti orílẹ̀-èdè kékeré wá lè bá ọ̀kan nínú wọn pàdé ní ìjà àkọ́kọ́. Kí ó tó dé ibẹ̀ rárá, ó ti ní láti máa kó máàkì jọ láti ìdíje dé ìdíje, láti Yúróòpù títí dé Éṣíà, fún nǹkan bí ọdún méjì, pẹ̀lú owó ọkọ̀ òfuurufú, owó físà àti owó ilé ìtura. Ní Faransé, iye àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àjọ júdò tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù. Ẹni tó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, tó wá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn wọn ọmọ ọlọ́mọ, kò mọ ohun tó ń wọ̀n.

Àwọn ẹlẹ́rìn-ín yìí kan náà ni wọ́n tún ń fò sókè nígbà tí Clarisse Agbegnenou bá borí. “Ọmọ ilẹ̀ wa ni!” Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Togo, Rennes ni wọ́n sì bí i sí ní ọdún 1992. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nígbà mẹ́fà. Ó gba wúrà méjì ní Tokyo. Ní Paris ó gba idẹ, ó sì bá ẹgbẹ́ àgbájọ Faransé gba wúrà. Inú tiwa náà dùn, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé rẹ̀ kọ́ ló ń gbé ènìyàn sánlẹ̀. Ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún un láti kékeré ni, àti olùkọ́ tí wọ́n ń sanwó fún, àti ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin mìíràn tí wọ́n ń bá a jà lójoojúmọ́ tí a kò mọ orúkọ wọn. À ń jẹ nínú iṣu oko tí a kò bá wọn ro.

Àwọn kan tún wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọn kò rẹ́rìn-ín rárá, tí ọ̀rọ̀ tiwọn sì bà wá nínú jẹ́ jù ti àwọn ẹlẹ́rìn-ín lọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àṣà ni wá, júdò kì í ṣe àṣà wa, kí a gbájú mọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti oríkì, kí a fi ìjàkadì sílẹ̀ fún àwọn aláìníṣẹ́.

Ní ọdún 1882, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jigoro Kano, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, kó ọmọ ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án jọ sínú tẹ́ńpìlì kan ní Tokyo. Ẹní méjìlá péré ni àyè wọn gbà. Nígbà náà, jujutsu, ìjàkadì àtijọ́ àwọn jagunjagun Japan, ti ń di ohun ìgbàgbé. Àwọn ọ̀làjú ìlú ń wò ó bí ohun tí kò bá ayé tuntun mu mọ́. Kano lọ bá àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n, ó kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, ó yọ ohun tó lè ṣeni léṣe kúrò nínú ìdánrawò, ó to ọgbọ́n tó kù lẹ́sẹẹsẹ tòun ti orúkọ wọn, ó sì fi òfin lélẹ̀. Ní ọdún 1964 júdò wọ Òlíḿpíìkì, ní Tokyo gan-an, Anton Geesink ará Netherlands sì dá Akio Kaminaga lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó dun Japan wọra. Síbẹ̀ wọn kò torí èyí sọ pé júdò kì í ṣe tiwọn mọ́. Títí di òní, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń jà, hajime ni adájọ́ ń ké kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, matte ni yóò ké láti dá a dúró, ippon ni yóò sì ké nígbà tí ẹ̀yìn bá kanlẹ̀. Ní Paris, láàárín àwọn tí wọ́n mọ èdè tiwọn gbé lárugẹ tó bẹ́ẹ̀, èdè Japan ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ iṣẹ́ àṣà, kí àwọn alátakò wa sọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa ńkọ́? Àwọn baba wa ja gídígbò nínú òṣùpá, lórí iyanrìn, pẹ̀lú ìlù. Àwọn tó bá mọ oríkì àwọn ọmọ Ọ̀fà mọ ipò tí ìjàkadì wà nínú rẹ̀. Ní tiwa náà, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni wọ́n dá. Nígbà tí a ń múra àpilẹ̀kọ yìí, àwa olóòtú jókòó láti kọ orúkọ ọgbọ́n ìjàkadì tí a mọ̀ sílẹ̀. A dé orí ẹ̀kẹta, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá kì í ṣe èkíní la tún ń pè lórúkọ mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè ẹni tí wọ́n dá ní Paris, àwa yìí ni, a kò tilẹ̀ wọ ọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé owó ni kò sí. Niger, aládùúgbò wa ní àríwá, kò lówó jù wá lọ. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ìjàkadì ìbílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè wọn, tí wọ́n sì ń fi idà dá ẹni tó borí lọ́lá. Senegal ṣí pápá ìjàkadì ńlá ní Pikine ní ọdún 2018, Dakar náà ni wọ́n sì fún ní Ìdíje Òlíḿpíìkì Àwọn Ọ̀dọ́ ti ọdún 2026, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Júdò wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà a ń béèrè pé kí ìjàkadì ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ àṣà wa tó ń bọ̀, fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Kò gbà ju ọkọ̀ iyanrìn kan, onílù méjì àti àgbàlagbà méjì tí yóò ṣe adájọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá kókó ọ̀rọ̀ fún ìwé àṣekágbá yín ní yunifásítì, ẹ lọ sí Banigbé, ẹ lọ sí Daagbé àti Tchaada, ẹ jókòó ti àwọn baba tí wọ́n ja gídígbò nígbà èwe wọn kí wọ́n tó papò dà, kí ẹ gba orúkọ ọgbọ́n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n ti ń pè é. Ìwé ìròyìn yìí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè méjèèjì, Yorùbá ni yóò sì ṣáájú. A ó tún kọ̀wé sí àwọn tó ń kọ́ni ní júdò ní Àjàṣẹ́, kí wọ́n wá wo àwọn ọmọ wa.

Ẹni tó bá ní àtakò, kí ó mú un wá sí ìpàdé gbogbogbòò. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ka orúkọ ọgbọ́n ìjàkadì márùn-ún fún wa.